Búta Ọjọ́ Kẹrin

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Nurain, ọkọ ọmọ mi, jẹ́, ẹ wé ìborí kan náà fún ọjọ́ mẹ́ta níwájú rẹ̀. Èmi ṣe é ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Grayson ní Amẹ́ríkà. Ìborí aláwọ̀ ilẹ̀ kan báyìí ni. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó fa Hajarah, ọmọ mi, sí kọ̀rọ̀, ó bi í bóyá Mọ́mì ń fi ìborí náà bá àwọn sọ nǹkan ni, bóyá inú wọn kò dùn sí ilé. Hajarah wá bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ń bá wọn sọ nǹkan: ìborí mi yòókù ti wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ láti ọjọ́ Ajé, kò sì sí ẹni tó kó wọn jáde.

Bó ṣe rí nìyẹn. Bí Hajarah bá tẹ ẹ̀bà fún ọjọ́ méjì léraléra, Nurain á máa wo abọ́ bí ẹni tó ń wo lẹ́tà. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé iṣu ti tán. Bí a bá wà nínú ọkọ̀ tí ọkọ̀ pupa mẹ́ta bá tò tẹ̀lé ara wọn kọjá, á ní kí n wò ó. Èmi á ní kí òun náà wo iwájú, kó má fi wá wọ kòtò.

Bóyá iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, bóyá òun ló sọ iṣẹ́ náà dà bẹ́ẹ̀, n ò mọ èyí tó ṣáájú. Tíṣà ni. Ilé ìwé girama kan tí kò jìnnà sí ilé wa ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń wo fíìmù. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ fún mi, mo rò pé ó ń fi mí ṣeré. Ta ni kò mọ fíìmù wò? Ó ní ojú lásán kò tó. Ó ní ẹni tó ṣe fíìmù a máa gbé nǹkan kalẹ̀ sí gbangba tí èèyàn yóò wò ó tí kò ní rí i: aago tó ti dúró, fèrèsé tí wọn kì í ṣí, bàtà ẹsẹ̀ kan. Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá kọ́ láti gbọ́, ìdajì fíìmù ló wò. Mo ní ṣebí àrokò lò ń sọ. Ó fa ìwé kékeré kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo gbọ́ pé ó ti fi kọ́ àwọn ọmọ. Kò dárúkọ mi.

Ọmọ Ìwó ni, ṣùgbọ́n Austell, ìlú kan níbí, ló dàgbà sí, lẹ́bàá ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń já ẹrù. Alhaji Abdulsobur, bàbá rẹ̀, ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù ṣe. Nurain ní òun a máa jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́yìn ilé ìwé, òun a máa ka àwọn wágùnù bí wọ́n ṣe ń kọjá, èyí tó dípẹtà, èyí tí àwọn ọmọ ìta fi ọ̀dà kọ nǹkan sí lára, òun a sì máa to ìtàn pọ̀ láti ara wọn. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀ pé iṣẹ́ lọmọ ń kọ́. Ó rò pé ọ̀lẹ ni. Apòògùn ló fẹ́ kó dà. Ọ̀sẹ̀ tí Nurain wọ yunifásítì ni bàbá rẹ̀ ti lọ ra kóòtù funfun pamọ́ dè é, irú èyí tí àwọn apòògùn ń wọ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Ọdún méjì ni Nurain fi kà á. Nígbà tó di ọdún kẹta, ó ti yà sí fíìmù.

Bàbá rẹ̀ kò bá a jà. Ó kàn wa ọkọ̀ dé ibi tí ọmọ náà ń gbé, ó fi kóòtù náà kọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò kan ilẹ̀kùn, ó yí padà lọ sílé. Nurain ní ọjọ́ yẹn ni òun mọ̀ pé nǹkan lè pariwo láìní ẹnu.

Kóòtù náà wà lára ògiri kíláàsì rẹ̀ títí di òní. Òun ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ lọ́dọọdún. Á bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n rí, wọ́n á ní dókítà. Á ní kò sí dókítà níbẹ̀. Aṣọ funfun ni wọ́n rí, ó ní àpò méjì, ìlà ibi tí wọ́n ti ká a ní ṣọ́ọ̀bù ṣì hàn lára rẹ̀, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́ rí. Ibẹ̀ ni yóò ti kọ ìbéèrè mẹ́ta sójú pátákó, tí kò ní pa á rẹ́ títí ọdún yóò fi parí. Kí lo rí? Ìgbà mélòó lo rí i? Ibo ló ti yí padà? Ẹni tí kò bá tíì dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọdọ̀ sọ ìtumọ̀ kankan. Òfin tó dára ni. Nínú ilé, òun fúnra rẹ̀ kì í pa á mọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, ilé ìwé pè é, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n pa kíláàsì náà rẹ́. Àwọn kan ti sọ pé kò sí ohun tí àwọn ọmọ ń kọ́ níbẹ̀, pé ohun tí tíṣà bá sọ ni wọ́n ń tún sọ. Alábẹ̀wò kan máa wá láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹrin. Yóò fẹ́ rí i bóyá àwọn ọmọ lè dá fíìmù túmọ̀ fúnra wọn. Tíṣà kò ní la ẹnu. Bí wọn kò bá lè ṣe é, kíláàsì ti parí nìyẹn, wọ́n á sì gbé Nurain lọ sí ibi tí á ti máa kọ́ ọmọ bí a ṣe ń tẹ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà.

Mo gbọ́ tó ń sọ fún Hajarah pé òun mọ ohun tí bàbá òun yóò sọ bó bá gbọ́. Kò ní bínú. Á kàn béèrè pé kóòtù náà dà.

Ó wá rò ó pé fíìmù tí ayé ti rí kò ní ṣiṣẹ́, torí fóònù ti túmọ̀ gbogbo rẹ̀ tán. Ọmọ tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìdáhùn á jáde. Fíìmù tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ló yẹ kí wọ́n wò. Òun ni yóò ṣe é, kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ta ni yóò wà nínú rẹ̀? Nọ́ọ̀sì ni Hajarah, bó bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, oorun ni. Èmi ló kù. Mo bi í bóyá kí n lé tìróò. Ó ní kí n má lé nǹkan kan, kí n sáà máa ṣe ohun tí mo ń ṣe láràárọ̀, kí n má sì kí òun.

Ohun tí mo ń ṣe láràárọ̀ rèé. Bàbá Hajarah, ọkọ mi, ti di olóògbé ní oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi bu omi àlùwàlá fún un ní àsùbáà. Nígbà tí a wà ní Ìwó, omi kànga ni. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ọmọ wa níbí, omi ẹ̀rọ ń ṣàn nínú ilé, gbígbóná lọ́tọ̀, tútù lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ó ní omi ẹ̀rọ kò ní sùúrù, ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Búta ló fẹ́. Hajarah wá a títí ó fi rí ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa, ike aláwọ̀ ewé, ẹnu rẹ̀ gùn bí ọrùn lékeléke. Màá rọ omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, màá gbé e sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, màá kọjú ibi ìdìmú rẹ̀ síta kó lè bọ́ sí i lọ́wọ́ bó bá dé.

Ó lọ tán, mo ṣe opó mi parí. Mo kó aṣọ rẹ̀ fún àwọn tó nílò rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Búta yẹn nìkan ni n kò jáwọ́ nínú rẹ̀. Àràárọ̀ ni mo ń rọ omi sí i, tí mo ń gbé e síbẹ̀, bí oòrùn bá ti wá yọ, màá dà á nù. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè nínú ilé yẹn. Nurain pàápàá, tó ń béèrè ìtumọ̀ ìborí, kò bi mí.

Àárọ̀ mẹ́rin ló fi ya fíìmù náà, Àbámẹ́ta àti Àìkú ọ̀sẹ̀ méjì. Ó gbé fóònù sórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, á sún ife síwájú bí ìbú ìka kan, á tún fà á padà. Ó dojú bolẹ̀ gbalaja sí ọ̀ọ̀dẹ̀ torí kó lè wo búta lójúkojú. Lọ́jọ́ tó wá tọrọ Hajarah, kò dọ̀bálẹ̀ fún mi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ọkọ̀ Hajarah kọ̀ kò ṣiṣẹ́ níbi iṣẹ́, Nurain wá gbé fóònù kalẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n máa bá tèmi lọ, ó sáré lọ gbé ìyàwó rẹ̀. Fóònù yẹn ń wò mí lọ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, nígbà tó ku ọ̀la kí alábẹ̀wò dé, ni ó jókòó láti so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Mo wà ní kíṣìnnì. Mo rí i tó jáde wá, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Mọ́mì, níbo ni búta wà ní ọjọ́ kẹrin?"

"Ọjọ́ kẹrin wo?"

"Lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin kò sí níbẹ̀. Ẹ kàn gba ibẹ̀ kọjá."

Mo rò ó. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé ó wà níta. Mo pẹ́ jí díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ojú ọ̀run ti ń là. Bí mo ṣe rọ omi sí i tán ni mo bojú wo fèrèsé, mo rí i pé ewúro tí mo gbìn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìnkùlé ti rọ. Rọ́bà tí a fi ń bomi rin nǹkan ti ya. Mo lo ohun tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ fi búta bomi rin ewúro."

"Ṣé kí n máa fi ẹnu pọn ọ́n lọ bá a ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fà mí lọ síbi àga, ó fi ìwé rẹ̀ hàn mí. Ó ti kọ ìtumọ̀ gbogbo nǹkan tó wà nínú fíìmù náà síbẹ̀ kó tó yà á rárá. Ní ti búta, ó kọ ọ́ pé òun ni ìdúró de ẹni tí kò ní dé mọ́, pé ìdí nìyẹn tí kò fi gbọdọ̀ kúrò lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orí rẹ̀ ni gbogbo fíìmù dúró lé. Ó wá di pé ó sọnù ní òpin, àwọn ọmọ á sì rí i pé ó sọnù, torí òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn láti máa wo ibi tí nǹkan ti yí padà. Kí ni kí wọ́n sọ? Bó bá gé ọjọ́ kẹrin kúrò, fíìmù á di adìyẹ aláìnírù. Ó ní kí a tún un yà ní ìdájí ọ̀la. Ìdájí ọ̀la dé, òjò bá a dé.

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní n kò ṣẹ̀. Alẹ́ Ọjọ́rú yẹn, ó ti jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán láì wò ó. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Ó ní kí n bá òun lọ sí ilé ìwé, pé àwọn ọmọ fẹ́ràn láti máa bi ẹni tó wà nínú fíìmù ní ìbéèrè. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà á. Mo wé ìborí aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn, mo tẹ̀ lé e.

Obìnrin gíga kan tó wọ aṣọ dúdú ni alábẹ̀wò. Ó kí mi dáadáa, ó ní kí Nurain lọ jókòó sẹ́yìn. Nurain jókòó tì mí, ó sì fi ìdí tẹ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ àga, bí ẹni tó mọ̀ pé ọwọ́ náà fẹ́ sá fún òun. Wọ́n pa iná, wọ́n gbé fíìmù sí i. Mo rí ara mi lójú ògiri, mo tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Ojú tì mí torí bí mo ṣe ń wọ́ bàtà nílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì mi kò tó kí n fi bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ó tó kí n fi gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Wọ́n tan iná. Alábẹ̀wò bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí. Ọmọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju àga lọ, Eli lorúkọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó ní òun rí ike tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó, òun rí i nígbà mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí òdòdó kankan nínú ilé náà. Ó ní ìyá yẹn ti gbàgbé pé òun kò ní òdòdó. Mo gbọ́ tí Nurain mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọbìnrin kan tó wé ìborí, tó ń jẹ́ Iman, ní kì í ṣe ike òdòdó, pé irú rẹ̀ wà ní ilé ìyá àgbà òun, pé omi tí wọ́n fi ń wẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kí wọ́n tó kírun ló ń wà nínú rẹ̀. Eli ní kò burú, ṣùgbọ́n ó jọ ike òdòdó.

Ló bá di pé gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ní ife méjì ló wà lórí tábìlì, ọ̀kan ní ẹyọ kan ni. Nurain ń mi orí, ó ń ṣẹ́ ojú, ó ń ki ọrùn síwájú. Mo fi ìgúnpá gún un kí alábẹ̀wò má baà rò pé ó ń fi ojú bá wọn sọ ọ́.

Ọmọbìnrin kan wà nítòsí fèrèsé tí kò tíì sọ nǹkan kan. Damaris ni wọ́n pè é. Ó ń kọ nǹkan sílẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ wà lórí ìwé rẹ̀.

"Kì í lò ó," ó ní. "Ìgbà mẹ́ta ló rọ omi sí i, ìgbà mẹ́ta náà ló lọ fọ ọwọ́ tirẹ̀ níbi ẹ̀rọ. Ó kọjú ibi ìdìmú rẹ̀ síta, ẹlòmíì ló fẹ́ kó gbé e. Ẹni yẹn kò wá."

Alábẹ̀wò bi í pé ibo ló ti yí padà.

Damaris ní kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé òpin rẹ̀ padà. Wọ́n gbé e padà. Ó rìn lọ síbi ògiri, ó fi ìka kan igun fèrèsé kíṣìnnì wa. Mo wò ó. Ewé ewúro kan wà níbẹ̀ tí kò tó àtàǹpàkò, omi ń kán lára rẹ̀, oòrùn àárọ̀ sì ràn sí i. Nurain yọ ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ ìdí. Ó ti wo fíìmù yẹn bí ìgbà ogún, kò rí ewé yẹn rí.

"Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbé e jáde," Damaris ní. "Kò dúró dè é mọ́. Ó gbé omi náà fún ohun tó lè mu ún."

Eli nawọ́ sókè. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ike òdòdó náà ni, òun sì ni òun kọ́kọ́ sọ ọ́. Alábẹ̀wò fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ó wá yíjú sí Nurain, ó bi í bóyá ohun tó ní lọ́kàn nìyẹn nígbà tó ń ya fíìmù náà. Mo mọ̀ pé ìwé ìtumọ̀ rẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ẹni tí yóò já a nírọ́ níbẹ̀ ju èmi lọ, èmi kò sì ní sọ̀rọ̀. Ó dìde dúró.

"Rárá," ó ní. "Mo rò pé ọjọ́ kẹrin ti ba fíìmù jẹ́. Èmi ò rí ewé yẹn. Ọmọ yìí ló fi hàn mí báyìí."

Alábẹ̀wò kọ ìyẹn sílẹ̀. Ó pẹ́ tó ń kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó bojú wò mí, ó ní kí Nurain bá òun bi mí pé kí ló wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà.

Mo ní, "Ewúro mi ló rọ."

Nurain bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń tú u lọ, ó ń fi ọwọ́ ṣe é, ó gba ibi òjò, ó gba ibi ilẹ̀ àjèjì.

"Gbólóhùn kan ni mo sọ," mo ní. "Èwo nìwọ ń sọ láti àárọ̀?"

Àwọn ọmọ ní kó túmọ̀ ìyẹn náà fún wọn. Ó túmọ̀ rẹ̀, ojú ń tì í, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí tí Eli fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀ lórí àga.

Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀. Àárọ̀ márùn-ún. Búta ṣì wà lẹ́yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúro níbi tí mo gbé e sí, n kò sì gbé omi kankan sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ láti ọjọ́ náà. N kò pinnu rẹ̀. N kò tilẹ̀ mọ̀. Ọmọ tí kò rí Bàbá Hajarah rí, tí kò lè pe orúkọ rẹ̀ bó bá gbọ́ ọ, òun ló ṣírò rẹ̀ fún mi níwájú àlejò. Mo fa ìborí mi síwájú díẹ̀. Nurain rí mi. Kò béèrè ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó kàn bá mi gbé báàgì mi.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí lẹ́tà tó dé. Kíláàsì náà wà. Alábẹ̀wò kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ọmọ rí ohun tí tíṣà wọn kò rí, ó sì gbà á níwájú wọn. Nurain pe bàbá rẹ̀ ní Austell. Alhaji gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó wá ní, "Kóòtù yẹn, ṣé ó ṣì ní ìlà níbi tí wọ́n ti ká a? Fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́." Ó pa fóònù. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Nurain fi ń túmọ̀ gbólóhùn yẹn fún wa. Hajarah sùn lọ kí ọkọ rẹ̀ tó sọ ọ́ tán.

Ewúro ti ta báyìí, ó ti ga dé èjìká mi. Ní Àbámẹ́ta tó kọjá, Hajarah jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbé búta sókè, ó bi mí bóyá kí òun gbé e wọlé. Ọkọ rẹ̀ wà lórí àga níbẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀, kó jẹ́ kó wà níbẹ̀. Nurain la ẹnu, mo rí ìtumọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Nurain," mo ní, "kọ́kọ́ sọ ohun tí o rí."

Ó pa ẹnu dé. Ó wo búta, ó wo ewúro, ó wò mí.

"Mo rí búta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúro, Mọ́mì."

Mo ní ó tó bẹ́ẹ̀, kó lọ rọ omi sí i wá.